Ọmọ mi fẹ́ fi gángan ṣiṣẹ́ ní Èkó: ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá kan

Ìyá kan tí ń gbé ní Ṣómólú ni ó kọ̀wé sí mi báyìí: "Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó sì ku ọdún kan kí ó jáde ilé-ìwé girama. Láti ọjọ́ tí ó ti rí onílù gángan kan níbi ìdána àbúrò mi ní Ìkẹjà ni ó ti ń sọ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi bá a ra gángan kan níbi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n kò dún bí ti onílù ọjọ́ náà rárá. A kì í ṣe ìdílé Àyàn, onígbàgbọ́ sì ni wá. Ṣé iṣẹ́ yìí lè bọ́ ènìyàn ní Èkó? Bí ó bá lè bọ́ ọ, ibo ni kí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, màmá. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú gángan tí ẹ̀gbọ́n yín rà, nítorí pé ìdí tí kò fi dún náà kò jìnnà sí ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń wọ iṣẹ́ yìí lónìí kì í fi í rí jẹ nídìí rẹ̀.

Igi ni gángan. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ sófo, wọ́n jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìbàdí tín-ín-rín. Igi ọ̀mọ̀ ni àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn fún un, nítorí pé ó fúyẹ́ lára ẹni tí yóò gbé e kọ́ apá láti ọ̀sán di òru, kò sì tètè sán bí ó bá ti gbẹ dáadáa. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà a máa sọ pé igi tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù láti gé, torí pé ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn láti kékeré. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé igi tútù tí wọ́n gbẹ́ ní kánjúkánjú kò gbọ́ ohùn kankan rí, kò sì ní sọ ọ̀kan. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti fá irun rẹ̀, tí ó sì fẹ́lẹ́ bí ìwé, ni wọ́n fi ń bo ẹnu méjèèjì. Wọ́n á wá fi ọ̀sán, ìyẹn okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, so awọ òkè mọ́ awọ ìsàlẹ̀ yípo gbogbo ara ìlù. Ọ̀sán yìí ni ẹ̀mí gángan. Nígbà tí onílù bá fi apá fún un mọ́ ìhà, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Nígbà tí ó bá dẹ apá, ohùn á wálẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ohùn àárín wà. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ gbé nǹkan kọ́ ògiri, okùn ọ̀rá ni wọ́n sábà máa ń fi so ó, awọ rẹ̀ a sì nípọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ náà bá fún un títí tí ìhà fi bó, ohùn kan náà ni yóò máa gbọ́. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín.

Ohùn mẹ́ta yẹn ni èdè Yorùbá dúró lé. Ẹ wo ọkọ tí ó gbé ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ ní Ọ̀jọ́ta: létí ìlù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò lè ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n gángan kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Nítorí náà, owó, ilé, ayé àti ọkọ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá lu "ẹ kú ìnáwó" fún baba ìyàwó, ẹni tí ó dúró lẹ́yìn lè gbọ́ "ẹ kú ìdúró", kò sì purọ́. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí pé ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ a máa fi ìlù kéde orúkọ ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí onílù fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ìlú gbọ́ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà yanjú ìṣòro yìí ni pé wọn kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Odindi gbólóhùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lù: òwe, oríkì, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, orin tí tọmọdé tàgbà ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ẹni tí ń gbọ́. Ìlù kàn wá pè é jáde ni.

Ọ̀rọ̀ ni onílù ń tà, màmá, kì í ṣe ariwo. Ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ẹdẹ, onílù tí ó bá mọ oríkì àwọn agbo ilé tí ó yí ààfin ká ti mọ àwọn tí yóò fún un lówó títí ọdún yóò fi yípo. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó bá Àwórì tí ó ni ilẹ̀, Ìjẹ̀bú tí ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, Èkìtì, Ọ̀yọ́, àti àna wọn tí ó wá láti ilẹ̀ Ìgbò tàbí Ẹ̀dó. Mo rántí òde kan tí a lọ ní Ṣùúrùlérè, nígbà tí ọwọ́ mi ti yá, tí mo sì rò pé mo ti mọṣẹ́. Mo rí baba kan tí ó wọ agbádá sányán, tí ó gẹ fìlà sí apá kan. Mo rò pé Ìjẹ̀bú ni, mo bá dojú ìlù kọ ọ́, mo ń lu oríkì Ìjẹ̀bú fún un. Ọwọ́ ń yá, ìlù ń dún, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ya fídíò mi. Baba náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi tí ó ti ń wò mí láti ẹ̀yìn kò bá mi wí. Ó rìn lọ bá obìnrin kan tí ó wọ aṣọ ẹbí kan náà pẹ̀lú baba yẹn, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, ó sì padà wá. Ó wá rọra lu: "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko." Ẹ̀ẹ̀kan ni ó lù ú. Baba náà gbé àwo sílẹ̀, ó dìde, ó ń jó bọ̀. Owó tí ọ̀gá mi gbà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo yẹn ju gbogbo ohun tí mo ti rí láti àárọ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ oríkì ìlú àti ti orílẹ̀ sí, ìwé náà sì ti di mẹ́fà báyìí.

Ní ti pé ẹ kì í ṣe ìdílé Àyàn, òótọ́ ni pé ìlù dùndún, tí gángan wà lára rẹ̀, àti bàtá jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Àyàn Àgalú ni àwọn onílù ń pè ní baba ńlá wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ orúkọ bí Àyándélé, Àyántúndé, Àyánwálé. Ọmọ tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń gbọ́ ìlù láti inú oyún. Kí ó tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n ti gbé omele, ìlù kékeré tí ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀, lé e lọ́wọ́. Ọmọ yín kò lè rí ọdún wọ̀nyẹn rà mọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé ó lè rí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń dá yín lóhùn yìí, tí mo ti ń lu gángan fún ọdún 31, kì í ṣe ọmọ Àyàn. Káfíńtà ni bàbá mi ní Èbúté Mẹ́ta. (Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín: ní Èkó àtijọ́, ohun èlò orin ni ayùn káfíńtà jẹ́ nínú orin ijó tí wọ́n ń pè ní àṣíkò, wọ́n a máa fi irin ha eyín rẹ̀ kí ó lè bá ìlù sáḿbà dún pọ̀.)

Iṣẹ́ báńdì ní Èkó ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún irú wa. Nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan nínú rẹ̀. Ìlù jùjú tí irin wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti báńjò ni, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n, inú pálọ̀ sì lè gbà wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé gángan sáàárín wọn nígbà náà, ìlù yóò bo ohùn olórin mọ́lẹ̀. Ìgbà tí máíkì àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè dé ni ó ṣeé ṣe, Àkànbí Wright sì ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ mú gángan wọ jùjú, ní 1948. Ẹ wo ibi tí ó bá a dé: nígbà tí àwo orin Sunny Adé gba ilẹ̀ òyìnbó ní 1982, gángan wà lára ohun tí àwọn òyìnbó ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ní àwùjọ báńdì, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lù ni wọ́n ń wá. Wọn kì í bi í pé ọmọ ta ni.

Kí ọmọ yín má sì rò pé báńdì yóò gbé gángan fún òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ iṣẹ́ orin ní Èkó kò yí padà: ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni. Léfítì Sàlámì ti lu ìlù sákárà lẹ́yìn Abíbù Olúwa kí òun náà tó di olórí. Sunny Adé ti wà nínú ẹgbẹ́ Mósè Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa padà mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Wàsíù Àyìndé, tí wọ́n bí ní Èkó, ẹrù ìlù ni ó ti ń bá Síkírù Àyìndé Barrister rù. Ẹni tí ń ru ẹrù ìlù ń gbọ́ ohun tí olórin ń sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sóde: ta ni ó ń ṣe ìnáwó, ọmọ ìlú ibo ni, kí ni orúkọ ìyá rẹ̀, èwo ni a kò gbọdọ̀ dárúkọ. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìyẹn.

Bí ó bá rí ọ̀gá, gúdúgúdú ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyẹn kò ní ọ̀sán tí apá lè fún, kò ní ìbàdí, ojú kan ṣoṣo ni ó ní, bílálà awọ méjì ni wọ́n sì fi ń lù ú. Kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di ìlù mú kí ìyáàlù, ìlù ńlá tí ń ṣáájú, lè ráyè sọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń kọ̀ ọ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ń ya fídíò onígúdúgúdú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lù ú, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan gángan lóde, mo sì rò nígbà náà pé wọ́n ń fi ayé mi ṣòfò. Nígbà tí mo bọ́ sórí gángan ni mo rí i pé àwọn tí kò ṣe omele rí a máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ijó a máa dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn ni ti kẹríkẹrì àti ìyáàlù tí ó ní ṣaworo lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín má dé ibẹ̀, gángan nìkan sì tó jẹun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò yẹ kí ó gba oorun lójú yín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Àyàn tí mo mọ̀ ní Èkó, mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ń kírun, wọ́n ń lu ìlù. Ní ti àwa onígbàgbọ́, àwọn míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ bẹ̀rù ìlù nítorí òrìṣà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà ju ìlù lọ: orin òyìnbó ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, ọ̀rọ̀ á sì yí padà lẹ́nu. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962, ṣe wàhálà púpọ̀ kí orin ìsìn Yorùbá lè máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta kan náà tí mo ń sọ nípa gángan ni ó ń jà fún. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní onílù gángan kò pọ̀ mọ́, àwọn kan sì ń san owó oṣù fún un. Ohun tí ẹ ní láti bá ọmọ náà sọ ni ọtí àti òru, nítorí pé wọn kì í bi onílù bóyá ó ń mu kí wọ́n tó gbé ìgò síwájú rẹ̀.

Wàyí o, owó. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ onílù gángan jù ní Èkó báyìí, lójú tèmi, kì í ṣe báńdì ńlá mọ́, ìdána ni. Alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ fún ẹbí ọkọ, alága ìjókòó ń sọ fún ẹbí ìyàwó, onílù kan tàbí méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ń fi ìlù gbe ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí àyè láti sùn níbẹ̀. Bí alága bá pa òwe dé ìdajì, onílù ni yóò parí rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bá dọ̀bálẹ̀ láìtọ́, onílù ni yóò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kí ilé tó rẹ́rìn-ín. Alága tí ó bá mọ ọwọ́ onílù kan kì í fi í sílẹ̀ mọ́, ẹni tí ó bá sì ní alága méjì mẹ́ta tí ń pè é lè mọ ohun tí yóò wọlé fún un lóṣù. Ibí yìí náà ni kíbọ́ọ̀dù kò ti lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ohùn gángan wà nínú rẹ̀, tẹ ẹ kí o gbọ́, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Nínú báńdì, olórí ni ó ń gba àsansílẹ̀, òun ni ó ń gba ìyókù, òun ni ó ń pín in. Ẹ̀kẹta sì ni owó tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí, èyí tí ó ti ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ láyé àtijọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2007, ní abala 21, ka fífọ́n náírà lóde ìnáwó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Òfin náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí ó di 2024 tí EFCC, àjọ ìjọba tí ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn tó jẹ mọ́ owó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ dé kóòtù. Òfin ni, a sì gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe láàárín àwa tí a wà lẹ́yìn. Nígbà tí owó ń bọ́ sílẹ̀, gbogbo wa ni a ń rí i, ọmọ ẹgbẹ́ kan ń ṣà á sínú àpò, olórí kò sì lè sọ pé kò tó nǹkan. Nísinsìnyí, ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á béèrè nọ́mbà àkáǹtì, owó á gba orí fóònù wọlé, olórí nìkan ni fóònù rẹ̀ sì dún. Ní òde kan tí a lọ ní Victoria Island, ẹni mẹ́sàn-án ni wá, a lù láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi bí olóde ṣe ń fi fóònù rẹ̀ han olórí wa léraléra. Owó ọkọ̀ ni ó fún wa. Ó ní olóde kò tíì sanwó. Ọbáléńdé ni mẹ́rin nínú wa ti dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, a gbé ìlù sí àárín ẹsẹ̀, torí pé owó náà kò tó gbé wa sọdá afárá lóru. N kò bá a jà. N kò sì bá a lọ sóde mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè iye tí yóò kàn mí kí n tó wọ ọkọ̀, yálà owó mìíràn wọlé tàbí kò wọlé. Kí ọmọ yín kọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, láti ọjọ́ kìíní.

Iṣẹ́ náà kì í sì í dọ́gba. Nígbà ààwẹ̀ Rámádánì, òde àwọn mùsùlùmí á dákẹ́. Nígbà Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so ìgbéyàwó pọ̀. Bí méjèèjì bá wá bọ́ sí àsìkò kan náà, onílù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn á mọ ìtumọ̀ ebi. Oṣù kejìlá ni ó ń dí i. Nínú ẹgbẹ́ tí mo wà pẹ́ jù, ẹnì kan ń ránṣọ, ẹnì kan ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, èmi ń kọ́ ọmọ ní ìlù ní Yábàá. Kì í ṣe ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbẹ̀ ṣe ń ní ohun tí ó ń ṣe lẹ́ẹ̀rùn. Ìdí pàtàkì nìyí tí mo fi fẹ́ kí ó parí ilé-ìwé rẹ̀, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí WAEC.

Òjò náà ń gba tirẹ̀. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó ń le jù, awọ a sì máa mu ọ̀rinrin títí ohùn ìlù yóò fi dà bí ti ẹni tí òtútù mú. Ẹni tí ó bá ní gángan méjì a gbé ọ̀kan sínú oòrùn nígbà tí ó bá ń lu èkejì; ẹni tí ó ní ẹyọ kan a máa wá ibi tí wọ́n ti ń dáná. Nígbà ọyẹ́ ni ẹ̀rù ń bà mí jù, nítorí pé awọ á gan, ìlù á dùn mọ́ni létí, onílù á sì gbàgbé: bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní ń ya.

Etí ọmọ náà sì ń kọ́? Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ariwo tí ó bá ju 85 décibel lọ lè ba etí jẹ́ bí ènìyàn bá ń gbọ́ ọ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tò sí gbọ̀ngàn Èkó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ó má dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, kí ó sì fi nǹkan dí etí. Etí òsì tèmi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́, ìyàwó mi sì máa ń rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Bí wọ́n bá pè é sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, kí ó ṣọ́ra. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 mọ ẹni tí ń ṣeré gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí eré rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù tí ó bá gba owó ọkọ̀, tí ó lu ìlù fún wákàtí kan, tí ó sì lọ sílé láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, yóò ṣòro fún un láti fi ohunkóhun hàn lọ́la nígbà tí wọ́n bá gé ìlù rẹ̀ sínú orin ogún. Ìwé kan, ọjọ́, orúkọ orin, iye owó, ìbuwọ́lùwé méjì: kí ó gbà á kí ó tó gbé kọ̀ǹgọ́.

Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Onílù tí ó rí ní Ìkẹjà nì, alága tí ó mú un wá ni ẹ ó wá, àbúrò yín yóò sì ní nọ́mbà alága. Ẹ mú ọmọ náà lọ bá onílù náà, kí ẹ̀yin alára lọ, kí ẹ mọ ilé rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ó lè máa bá a ru ẹrù lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá ní ìdánwò. Ní ìsinmi, kí ó lọ wo àwọn ìlù tí wọ́n kó sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, kí ojú rẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ agbẹ́lù àti iṣẹ́ ẹni tí ń ta ẹ̀bùn. Bí ó bá sì wu ú láti kàwé lé e, Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín ní Ṣómólú, ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní orin. Kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan lálẹ́ òní: ṣé ó mọ oríkì tirẹ̀? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tí ìyá bàbá rẹ̀ tàbí ìyá tiyín bá ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ wọn ni ilé-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, fóònù tí ó fi ń ya fídíò onílù sì lè gba ohùn màmá àgbà náà sílẹ̀.

Ní ti gángan tí ẹ̀gbọ́n yín rà, kí ó gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bá onílù. Bí igi rẹ̀ bá gbẹ, tí kò sì sán, agbẹ́lù lè tú okùn ọ̀rá náà kúrò, kí ó fi awọ fẹ́lẹ́ àti ọ̀sán gidi sí i. Kí ọmọ náà jókòó tì í títí yóò fi parí, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa díẹ̀ nínú ọ̀sán náà. Bí igi bá ti sán, ẹ gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, kí ẹ̀gbọ́n yín lè máa rí i nígbà tí wọ́n bá wá kí yín.